Ohùn Ọlọ́jọ́ Mẹ́sàn-án

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó dùn mí jù lọ bẹ̀rẹ̀. Èmi, Kúbúrátù Gbàdàmọ́sí, tí mo fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, tí mo jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì, èmi ni mo fi ìṣirò fẹ́ ba ayé ọmọ àbúrò mi jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rín in báyìí kó rín in tán, nítorí mi ò fẹ́ ariwo nígbà tí mo bá dé àárín ọ̀rọ̀.

Mardiyah ni ọmọ náà ń jẹ́. Àbúrò mi ọkùnrin ló bí i, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ló ti dàgbà, nílé mi ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin, Bíìgì Mọ́mì ló sì ń pè mí. Ó ń kàwé láti di ọ̀mọ̀wé nínú físíìsì, lábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo ń ṣa ìrẹsì lọ́wọ́ nígbà tó wọlé pẹ̀lú àpótí kan, wáyà rẹpẹtẹ, àti férémù onígi ńlá méjì tó ga jù mí lọ. Ó gba iwájú mi kọjá sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀ láàárín kànga àti igi máńgòrò mi.

"Kí lèyí?" ni mo bi í.

"Ẹ̀rọ ni, Mọ́mì. Mo fẹ́ máa fi gbọ́ ohùn tó ń ti òkè wá."

"Òkè wo? Ti mọ́ṣáláṣí àbí ti ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Òkè tó ga ju ti àwọn méjèèjì lọ."

Ó jókòó sórí ẹnu kànga, ó sì ṣàlàyé fún mi. Ayé yìí, ó ní òòfà ńlá ni, bíi òòfà tí àwọn ọmọ fi ń fa ìṣó. Agbára òòfà náà kò dúró sórí ilẹ̀, ó yí ayé ká, ó sì gbòòrò lọ sókè réré ju ibi tí bàálù lè dé. Oòrùn ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tirẹ̀ lù ú tọ̀sán tòru. Àwọn nǹkan kéékèèké tí ojú ò lè rí ti há sínú agbára òòfà yìí, wọ́n ń yí bírí bírí níbẹ̀, yíyí wọn sì ń bí ìgbì rédíò. Kò sí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀, kò sí ilé iṣẹ́ rédíò, òkè fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é. Tí ènìyàn bá sọ ìgbì náà di ohùn, ó ní ẹyẹ ni yóò pè é, pàápàá ní ìdájí. Ohun tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ń wá kiri ni ibi tí ohùn náà ti ń jáde gan-an.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀yìnkùlé mi?"

"Nítorí kò síná níbí," ló wí, tẹ̀ríntẹ̀rín.

Ẹ gbọ́ mi. Tiransifọ́mà àdúgbò wa ti kú láti oṣù kọkànlá sẹ́yìn, fìríìjì mi ti di ibi tí mo ń kó abọ́ sí, ọmọ mi sì ń dúpẹ́ lórí ẹ̀. Ó ní wáyà iná máa ń kùn, kíkùn rẹ̀ a sì bo gbogbo ohùn mìíràn mọ́lẹ̀. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ̀rọ òun ò gbọ́ nǹkan kan ju kíkùn náà lọ. Nílé mi, ó ní etí ayé ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mo ní kó tètè máa gbọ́ ọ kí wọ́n tó tún tiransifọ́mà náà ṣe, òun náà sì ṣe àmín, àmín ìkà.

Ó bi mí bóyá jẹnẹrétọ̀ tàbí ẹ̀rọ kankan wà nítòsí. Mo mú un yí ọgbà po. Ní apá ìlà-oòrùn, lẹ́yìn ògiri mi, ni pápá ọjà wa wà, ó dá páro lọ́jọ́ náà, ewúrẹ́ méjì péré ló wà níbẹ̀.

"Kò sí nǹkan kan," ni mo wí. "Èmi ni mo ń sọ fún ọ."

Nínú ilé wa, tí mo bá ti sọ pé èmi ni mo ń sọ fún ọ, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Kò bi mí mọ́.

Ó fún mi ní íápíìsì tí n ó máa fi gbọ́ ohùn inú àpótí, ó fún mi ní ìwé àkọsílẹ̀, ó sì gbé òrùka wáyà kékeré kan kalẹ̀, ó tó asẹ́, tí ènìyàn lè so mọ́ íápíìsì náà, kó sì máa gbé e kiri lọ́wọ́ láì sí àpótí. Àléébù kan ló wà. Aago inú àpótí náà ti bàjẹ́. Bí kùrukùru bá ti bo sólà lórí òrùlé, àpótí á kú, tó bá sì jí, ó máa rò pé ọdún 1970 la wà. Nítorí náà, ọwọ́ mi ni ọjọ́ wà.

"Ẹ sáà máa kọ ọjọ́ tí ẹ bá gbọ́ ọ, Mọ́mì."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní ìwé kíkọ?" ni mo dá a lóhùn.

Ọjọ́ kejì gan-an, ọjọ́ Àìkú, mo kírun àsùbáà tán, mo ki íápíìsì bọ etí. Ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ dà bíi ẹ̀pà tí wọ́n ń yan nínú iyanrìn. Ó ti sọ fún mi pé mànàmáná ibi tó jìnnà nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ. Ohùn tín-ín-rín kan gbéra nílẹ̀, ó lọ sókè, ó dákẹ́. Òmíràn gbéra. Òmíràn tún gun orí ẹ̀, àfi bí ìgbà tí àwọn òròmọdìẹ ń bi ara wọn ní ìbéèrè. Ara mi bù máṣọ. Mi ò ní parọ́ fún yín, inú mi dùn débi pé mo gbàgbé tíì mi sórí sítóòfù títí ó fi jóná. Mo kọ ọ́ sínú ìwé: *Ọjọ́ Àìkú. Ó dún.*

Ojoojúmọ́ ni mo ń fetí sí i lẹ́yìn náà, mànàmáná ẹlẹ́pà nìkan ni mo ń gbọ́. Ó pẹ́ díẹ̀, ó tún dún. Mo kọ ọ́ pé: *Ọjọ́ kẹsàn-án, ó tún dún.* Ìgbà kẹta, *ọjọ́ kẹsàn-án.* Ìgbà kẹrin, *ọjọ́ kẹsàn-án.* Ọwọ́ ìkọ̀wé mi ṣì dára, ẹ bi ẹnikẹ́ni ní Ìmùṣin.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni Mardiyah wá wo ìwé náà. Ó kà á, ó tún un kà, ó sì fi ẹ̀yìn ti ògiri.

"Mẹ́sàn-án, Mọ́mì," ló ń wí. "Mẹ́sàn-án, mẹ́sàn-án, mẹ́sàn-án."

"Mo lè kà á, èmi ni mo kọ ọ́."

Ó ní oòrùn máa ń yí ara rẹ̀ po ní ọjọ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ihò máa ń wà lára rẹ̀ nígbà mìíràn, ibi tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti ń tú jáde jù. Tí ihò náà bá jẹ́ mẹ́ta, tí wọ́n sì jìnnà síra wọn dọ́gba, afẹ́fẹ́ líle yóò máa lu ayé ní ọjọ́ mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án, àwọn nǹkan kéékèèké òkè á sì máa kọrin. Àwọn onímọ̀ ti rí irú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n apá òkè ayé lọ́hùn-ún, níbi òtútù, ni wọ́n ti ń gbọ́ orin náà lórí ilẹ̀. Ní agbègbè tiwa yìí, ẹnikẹ́ni ò retí ẹ̀. Férémù onígi méjèèjì tó ń gba ohùn fún àpótí sì ti sọ ọ̀nà tí ohùn náà gbà wá: ìlà-oòrùn gan-an, ní òwúrọ̀, apá ibi tí irú ohùn bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jáde lókè.

Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní àwọn kan wà lókè òkun tí wọ́n ní sátẹ́láìtì mẹ́rin tó ń fò pa pọ̀, tí wọ́n fi ń wá ibi tí ohùn wọ̀nyí ti ń jáde. Àyè kan ṣoṣo ló wà fún ọ̀dọ́ onímọ̀ láti ilẹ̀ wa. Ọ̀gá òun, Ọ̀jọ̀gbọ́n Harold Ọnàfòwókàn, ni yóò fọwọ́ sí ìwé, àkópọ̀ iṣẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù ní ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti kọ̀ mí, Mọ́mì. Tí wọ́n bá tún kọ̀ mí lẹ́ẹ̀kẹta, mo ti sọ fún Dádì pé n ó gba iṣẹ́ báńkì tí wọ́n bá mi wá. Mi ò ní wo òkè mọ́."

Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Láti kékeré, tí a bá rán an níṣẹ́ nírọ̀lẹ́, ìràwọ̀ ló máa ń kà bọ̀, iyọ̀ tí a rán an a sì di ohun ìgbàgbé. Mo wò ó, mo sì gbà á ládùúrà nínú mi pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kó di akọ̀wé báńkì.

Ó ya fọ́tò ìwé náà, ó sì lọ. Ní Ọjọ́bọ̀, ohùn náà tún dún, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ti ní òun àti ọ̀jọ̀gbọ́n ń bọ̀ wá kí mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Mo rò pé àpótí ni wọ́n fẹ́ wá wò.

Ọ̀jọ̀gbọ́n dé kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ọkùnrin gígùn tó so awò ojú rẹ̀ mọ́ okùn lọ́rùn ni, ọmọ kátíkísìtì ní Ìbẹ̀fun, pẹ̀lú kóòtù lára nínú ọ̀rinrin ìdájí. Ó kí mi bí ọmọ gidi, ó dọ̀bálẹ̀ tòun ti kóòtù. Mo gbé àga ìrọ̀gbọ̀kú mi fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ó ki íápíìsì bọ etí, ó di ojú.

Aago mẹ́fà lù. Aago méje lù. Ọ̀jọ̀gbọ́n ń gbọ́ ẹ̀pà yíyan. Mardiyah ń nu iwájú orí, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ooru kankan. Nígbà tí aago mẹ́jọ kọjá, ọkùnrin náà yọ íápíìsì.

"Ìgbà wo ló dún kẹ́yìn?"

"Sátidé ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún, sà," ni Mardiyah wí. "Ọjọ́ mẹ́sàn-án pé lónìí."

Mo gbé tíì bọ̀ lọ́wọ́. Sátidé kẹ̀? Mi ò gbọ́ nǹkan kan ní Sátidé kankan. Ọjọ́rú ló dún, lẹ́yìn náà ló dún ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú tíréè, ìṣirò náà sì to ara rẹ̀ níwájú mi bíi ti ojú pátákó.

Ọmọ tí wọ́n bá bí ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e la ń sọ ọ́ lórúkọ, a sì ń pè é ní ọjọ́ kẹjọ. Kò sẹ́ni tó ń jà sí i. Ọjọ́ tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ la fi ń ṣe ení. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi kà á, bẹ́ẹ̀ ni mo kà á: ohùn náà dún ní ọjọ́ Àìkú, mo pe Àìkú ní ení, mo kà á dé ẹ̀sán, ẹ̀sán bọ́ sí ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kejì. Ọjọ́ mẹ́jọ ni ayé yí, kì í ṣe mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n Mardiyah ti kó mẹ́sàn-án mi sínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà ò sì mọ ọmọ tuntun tó ń jẹ́ orúkọ. Gbogbo ìgbà tí mo kọ mẹ́sàn-án, ó fi ọjọ́ kan lé e. Ọjọ́ kan di mẹ́rin, ó sì pe ọ̀gá rẹ̀ wá gbọ́ ohùn ní ọjọ́ tí kò sí ohùn.

Èmi tí mò ń na ọmọ ọlọ́mọ nítorí déètì. Tí wọn ò bá kọ déètì sí igun òkè ìwé, mi ò ní máàkì í.

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé ìwé náà sókè. "Ta ló kọ èyí?"

"Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, sà," ni Mardiyah wí, ó sì na ọwọ́ sí mi. "Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n. Wọn kì í ṣi ìṣirò."

Ọkùnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ó hàn lọ́wọ́ ìwé wọn. Mà, ẹ ṣeun. Ó lè jẹ́ pé oòrùn ló sinmi lónìí. Mardiyah, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ ìwé wọn lo gbára lé, fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ ní Jímọ̀."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, mo mọ̀ pé ẹ̀yin ìbá ti sọ̀rọ̀, ẹ̀yin ẹni mímọ́. Ohun tí èmi sọ ni pé, "Ẹ ṣé, sà. Ṣúgà kúùbù mélòó ni kí n fi sí i?"

Mi ò jẹun dáadáa láti ọjọ́ náà. Mo ń sọ fún ara mi pé mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, kí ni ọjọ́ kan jẹ́ lójú òkè tó gbòòrò tó báyẹn? Ẹnu lásán ni. Tó bá jẹ́ mẹ́jọ, kì í ṣe ihò mẹ́ta ti oòrùn nìyẹn, mo sì mọ̀. Àwọn ènìyàn kan lókè òkun yóò ka iye náà, wọn yóò wo oòrùn tiwọn, wọn yóò rí i pé irọ́ ni, orúkọ ọmọ mi ni yóò sì wà lórí ẹ̀. Ojú ló ń tì mí. Mi ò bẹ ọmọdé rí láti ìgbà tí mo ti dáyé, mi ò sì mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀.

Jímọ̀ mọ́. Mo kírun, mo ki íápíìsì bọ etí. Ohùn náà ti dé, òròmọdìẹ ń bi òròmọdìẹ. Inú mi ò dùn lọ́jọ́ yìí, nítorí náà mi ò di ojú. Ojú mi là sílẹ̀, mo sì rí ọkọ̀ tó ń já gààrí lẹ́yìn ògiri mi, mo rí orí àwọn obìnrin pẹ̀lú agbọ̀n. Ọjà ni. Mo kà á padà sẹ́yìn lórí ìka. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ ọjà ni. Ọjọ́rú ṣáájú rẹ̀, ọjọ́ ọjà. Ọjà wa, mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án la ń ná an láti ayé àwọn baba wa, bí èmi náà ṣe kà á gẹ́lẹ́. Ọjà ni mo ti ń kọ sílẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá.

Ta ló ń wá ní ọjọ́ ọjà tí kì í sí níbẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn? Ẹ̀rù bà mí láti dá ara mi lóhùn, nítorí fóònù mi wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mọ́rúfù ni. Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ ni, kò mọ ìṣirò títí ó fi jáde. Níwọ̀n ìgbà tí kò síná, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa bá àwọn ènìyàn gba iná sí fóònù. Ó di bátìrì ńlá mẹ́ta àti ínfátà kan sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá rẹ̀, ó sì ń tẹ̀ lé ọjà láti ìlú dé ìlú. Lọ́jọ́ ọjà tiwa, ẹ̀yìn ògiri mi gan-an ló máa ń gúnlẹ̀ sí kí ilẹ̀ tó mọ́. Lọ́jọ́ tí Mardiyah bi mí, ìlú mìíràn ló wà. Èmi sì ni mo sọ pé èmi ni mo ń sọ fún un.

Síbẹ̀, mi ò fẹ́ fi ẹnu lásán dá ènìyàn lẹ́jọ́. Mo gbé òrùka wáyà kékeré náà. Mardiyah ti kọ́ mi pé tí ihò rẹ̀ bá kọjú gan-an sí ibi tí ohùn ti ń wá, ohùn á pòórá. Mo dúró lẹ́nu kànga, mo yí i títí ohùn fi pòórá, mo sì fi ẹsẹ̀ fa ìlà sílẹ̀ ní ọ̀nà tó kọjú sí. Ìlà kan kò sọ ibi tí nǹkan wà, ọ̀nà lásán ló ń sọ. Ó lè jẹ́ ẹ̀yìn ògiri, ó lè jẹ́ ẹ̀yìn oòrùn. Mo lọ sídìí máńgòrò, mo tún ṣe bẹ́ẹ̀, mo tún fa ìlà. Tó bá jẹ́ òkè réré ni ohùn náà ti ń wá, ìlà méjèèjì ìbá máa lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láì pàdé. Wọ́n pàdé. Mo gun orí odó tí mo dojú rẹ̀ dé, mo yọjú lórí ògiri. Orí Mọ́rúfù ni wọ́n ti pàdé.

"Alhaja Tíṣà, ẹ káàárọ̀ mà," ló wí. "Tiyín ò tíì kún o."

"Pa á."

"Kí n pa kí ni?"

"Pa ínfátà náà, Mọ́rúfù."

Ó pa á. Etí mi dákẹ́, ó ku ẹ̀pà. Mo ní kó tan án, kó yọ gbogbo fóònù, kó máa kì wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Fóònù kan wọlé, òròmọdìẹ kan gbóhùn. Fóònù kejì wọlé, èkejì gbóhùn. A ṣe é dé mọ́kàndínlógún nínú mẹ́tàlélógójì, ó tó mi. Fóònù mi wà lára wọn, òun náà ń kọrin oòrùn.

Aago mẹ́sàn-án ti kọjá. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù, fóònù mi pàápàá ò sì tíì jí. Mo ní kí Mọ́rúfù gbé mi lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, tòun ti ínfátà. Ó ní òun ò lè fi fóònù ọlọ́jà sílẹ̀, òun ò sì lè lọ láì rí àwọn tó ni wọ́n. Mo wò ó bí mo ṣe máa ń wò ó ní kíláàsì kẹrin. Ó tan kẹ̀kẹ́.

Bí a ṣe gbéra nìyẹn, èmi nínú híjáàbù, òrùka wáyà lórí ẹsẹ̀ mi, fóònù mẹ́tàlélógójì lára pákó tí Mọ́rúfù fi ń gba iná sí wọn lẹ́yìn mi. A ò tíì dé títì tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Mo gbé ọ̀kan. Ọkùnrin kan ní kí n fún òun ní ìyàwó òun.

"Ìyàwó rẹ wà lọ́jà," ni mo wí. "Fóònù rẹ̀ ń lọ jẹ́rìí ní Ìjẹ̀bú-Òde."

"Jẹ́rìí kí ni? Kí ni Sídí ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo ṣe é." Mo sì pa á. Òmíràn jẹ́ ọmọ tó fẹ́ mọ ibi tí ìyá rẹ̀ fi sítóòfù sí. Mo ní kó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì bá a níbẹ̀. Mọ́rúfù ń rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́ gbé wa wọ gọ́tà.

Aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú nígbà tí a dé ọ́fíìsì ọ̀jọ̀gbọ́n. Mardiyah jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ọ̀gá rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó rí mi, ó yọ̀, ó rò pé àdúrà ni mo wá fi sin iṣẹ́ òun.

"Má fi ránṣẹ́," ni mo wí.

Mo mú un jáde sábẹ́ igi fùrúǹtù níbi tí kẹ̀kẹ́ dúró sí. Mo ní kó dúró jìnnà díẹ̀ sí ilé, mo fi íápíìsì bọ̀ ọ́ létí, mo kó òrùka náà lé e lọ́wọ́, mo sì mi orí sí Mọ́rúfù pé kó tan ínfátà. Wáyà iná ìgboro ń kùn níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ kẹ̀kẹ́ tó láti gbọ́ ọ. Mo rí i nígbà tó gbọ́ ọ. Ẹ̀rín kọ́kọ́ wá sí ojú rẹ̀, nítorí ó mọ ohùn náà. Lẹ́yìn náà ó yí òrùka, ó wo ibi tó kọjú sí, ó rí Mọ́rúfù pẹ̀lú fóònù mẹ́tàlélógójì, ẹ̀rín náà sì kú.

"Mọ́mì," ló wí, jẹ́jẹ́.

"Mẹ́jọ ni," ni mo wí. "Kì í ṣe mẹ́sàn-án. Bí a ṣe ń ka ọjọ́ ìkómọ ni mo ṣe kà á, mi ò sì kọ déètì. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ Ajé. Mo dúró tì yín pẹ̀lú tíì, mo mọ̀, mo sì pa ẹnu mi mọ́ nítorí o sọ pé mi kì í ṣi ìṣirò. Mardiyah, mo bẹ̀ ọ́. Má bínú sí mi."

Ó sunkún. Èmi náà sunkún, mi ò ní fi bò. Mọ́rúfù kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń yẹ fóònù wò bíi dókítà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ti tẹ̀ lé wa jáde. Nígbà tó yá, ó bi mí bí mo ṣe rí i. Mo sọ ti kànga, mo sọ ti máńgòrò, mo fi ẹsẹ̀ fa ìlà méjèèjì sínú eruku fún un. Ó wò ó pẹ́. Ó wo aago.

"Mardiyah," ló wí, "kí ni àwọn ènìyàn yìí ní ká wá?"

"Ibi tí ohùn ti ń jáde, sà."

"Ṣebí ẹ ti rí i? Wọ́n ní sátẹ́láìtì mẹ́rin, wọn ò tíì rí tiwọn tó báyìí. Ogójì ìṣẹ́jú ló kù kó tó di... rárá, ó ku mẹ́rìndínlógún. Lọ kọ òmíràn. Kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Kọ ọ́ bí ohùn ilẹ̀ ṣe lè jọ ohùn òkè, ní wákàtí kan náà, láti ọ̀nà kan náà, àti bí ènìyàn ṣe lè fi ìlà méjì já a. Wọ́n lè kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni wọn yóò kọ̀."

Ó sáré wọlé, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú méjì nígbà tó tẹ̀ ẹ́. Ó kọ orúkọ tirẹ̀, ó kọ orúkọ tèmi tẹ̀ lé e, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Mọ́rúfù nísàlẹ̀. Mọ́rúfù ní kí wọ́n bá òun tẹ̀ ẹ́ jáde, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara kẹ̀kẹ́ di òní. Wákàtí méjì gbáko ni àwọn ọlọ́jà fi bú wa nígbà tí a padà dé.

Wọn ò kọ̀ ọ́. Èsì náà ní àwọn tó ń rí ohùn òkè pọ̀ lọ́wọ́ àwọn, ẹni tó lè jẹ́wọ́ èyí tí kì í ṣe ti òkè ni àwọn ń wá. Ó ti di oṣù mẹ́jọ tí Mardiyah ti lọ bá wọn lókè òkun. Wọ́n ti tún tiransifọ́mà wa ṣe, iná ń kùn, mi ò sì lè gbọ́ nǹkan kan mọ́ ní ẹ̀yìnkùlé. Férémù onígi ṣì wà láàárín kànga àti máńgòrò. Mo sá aṣọ sí i lẹ́ẹ̀kan, ó dùn mí, mo sì kó o kúrò.

Ní àná ó pè mí. Ó ní wọ́n fún òun ní ìsinmi, òun ń bọ̀ wálé.

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù, Mọ́mì."

Mo ti mú bírò, ọwọ́ mi wà lórí kàlẹ́ńdà. "Ṣé o ka òní mọ́ ọn," ni mo bi í, "àbí o ò kà á?"

Mo gbọ́ ọ tó ń ka ọjọ́ lábẹ́ ẹnu lọ́hùn-ún.

"Mo kà á mọ́ ọn, Mọ́mì," ló wí. "Bí ẹ ṣe máa ń kà á."

Mo kọ déètì náà sílẹ̀, ọjọ́, oṣù àti ọdún, sí igun òkè.